Ṣé oko ni?

Mo ti bá ara mi ṣàdéhùn pé n kò ní kọ nǹkan kan mọ́ lórí lẹ́tà yẹn, èyí tí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa fi ní kí n hú ẹ̀fọ́ iwájú ilé mi. Ẹ ti gbọ́ ọ tó. Lónìí kọ́ ló sì ń dùn mí.

Láàárọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sáàárín ewédú, mò ń já a sínú abọ́, tọkọtaya kan ń mú ajá wọn kọjá. Wọn ò rí mi. Obìnrin náà ní, "Ṣé oko ni wọ́n fẹ́ sọ ibí dà ni?" Kò pariwo, kò sì jọ pé inú ń bí i. Ọkọ rẹ̀ ò fèsì. Ajá fà wọ́n lọ.

Mo lọ síbi iṣẹ́, mo bọ̀. Òjò ọ̀sán Florida tún rọ̀. Epo pupa ti tán nílé.

Ṣé oko ni. Tó bá jẹ́ oko ńkọ́? Iwájú ilé nìkan ni oòrùn ń dé, igi ńlá tó wà lẹ́yìnkùlé ti ṣíji bo gbogbo ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún Hermine Ricketts àti Tom Carroll ọkọ rẹ̀ ní Miami Shores níbí. Ọdún 17 ni wọ́n fi gbin ẹ̀fọ́ síwájú ilé wọn. Nígbà tó di 2013, ìlú yí òfin padà: èèwọ̀ ni ẹ̀fọ́ níwájú ilé, owó ìtanràn sì jẹ́ dọ́là 50 lóòjọ́. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi hú u. Wọ́n rojọ́ títí, ilé ẹjọ́ ò gbè wọ́n, àfìgbà tí ìpínlẹ̀ ṣòfin ní 2019 pé ìlú kankan ò gbọdọ̀ dí onílé lọ́wọ́ ẹ̀fọ́ gbíngbìn mọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo fò sókè. Àṣé ìjọba nìkan ni òfin náà dè. Kò de ẹgbẹ́ onílé, tó jẹ́ pé ìwé wọn lèèyàn ń fọwọ́ sí lọ́jọ́ tó ń ra ilé. Èmi náà fọwọ́ sí i. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo kàn ń ṣí ojú ìwé ni, mò ń fọwọ́ sí i.

Òdòdó ò ní wàhálà o. Igi tẹ̀tẹ̀ mi pupa rẹ́súrẹ́sú, tí òjò bá dá tí oòrùn sì bà á, n kò mọ òdòdó tó dáa jù ú lọ.

Mo sọ fún màmá mi lórí fóònù. Wọ́n ní, "Lórí ilẹ̀ tí o fowó ẹ rà?" Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tó yá wọ́n ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, kí n fọkàn balẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Nítorí pé mo ti gbọ́ ohùn yẹn rí. Ẹnu tèmi ló ti jáde. Ní Ìbàdàn, nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ girama, ọmọbìnrin kan máa ń ti abúlé wá, erùpẹ̀ pupa á ti lẹ̀ mọ́ sàńdà rẹ̀. "Ará oko" la máa ń pè é. A sì ń jẹ àgbàdo rẹ̀! N kò bínú nígbà tí mò ń sọ ọ́, bí obìnrin àárọ̀ yìí náà ò ṣe bínú. Bóyá ohun tó mú un dùn mí tó báyìí nìyẹn. Àbí... n kò mọ̀. Obìnrin yẹn kò gba ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ mi jẹ rí.

Bàbá Tọ́lá ra bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta bọ̀. A ti wú tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ sínú wọn. Ewédú la ò tíì fọwọ́ kàn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì wò ó lálẹ́ yìí: irun tín-ín-rín méjì wà nídìí ewé kọ̀ọ̀kan, bí irunmú ológbò. Ó ti so, àmọ́ èso náà ṣì tutù yọ̀yọ̀, kò tíì gbẹ débi tí mo lè mú irúgbìn níbẹ̀.

Lẹ́tà ní kó tó di Sátidé.