Níbo ni ìrònú yín ti já? Ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin àbúrò tó ń múra NCLEX, ìdánwò ìwé àṣẹ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin àbúrò wa lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti yanjú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbéèrè lórí fóònù, síbẹ̀ máàkì yín kò kúrò lójú kan. Àìmọ̀wé kọ́ ló sábà ń fà á. Ẹ ó ka ìbéèrè, ẹ ó wo ìdáhùn, ẹ ó ní "háà, mo gbàgbé ni," ẹ ó sì bọ́ sí òmíràn. Ẹ kò bi ara yín léèrè ibi tí ìrònú yín ti já.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2023 ni NCSBN, àjọ tó ni ìdánwò yìí ní Amẹ́ríkà, ti gbé e ka orí ìgbésẹ̀ ìrònú mẹ́fà: rí àmì tó ṣe kókó, mọ ohun tí àmì náà ń sọ, mọ èyí tó léwu jù, ro ohun tó ṣeé ṣe, ṣe é, kí o sì wò ó bóyá ó ṣiṣẹ́. Ìtàn aláìsàn mẹ́ta ni ẹ ó bá pàdé, ìbéèrè mẹ́fà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Kò sí pípadà sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan. Obìnrin ẹni ọdún 32 bímọ ní wákàtí méjì sẹ́yìn, láìsí iṣẹ́ abẹ. Ọmọ náà wọn 4,300 gíráàmù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru láti inú oyún. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, BP rẹ̀ (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) jẹ́ 146/92, ọkàn rẹ̀ ń lù nígbà 84 ní ìṣẹ́jú kan. Ní báyìí, BP jẹ́ 118/72, ọkàn ń lù nígbà 116. Ìgbóná ara jẹ́ 37.6. Inú ń run ún díẹ̀ bó bá ń fún ọmọ lọ́mú. Ilé ọmọ rọ̀, ó fi ìka méjì ga ju ìdodo lọ, ó sì fì sí ọ̀tún. Páàdì tí wọ́n pààrọ̀ ní ìṣẹ́jú 15 sẹ́yìn ti rin gbingbin. Kò tíì tọ̀ láti ìgbà tó ti bímọ.

Kí ni nọ́ọ̀sì máa kọ́kọ́ ṣe? Ọwọ́ ẹni tó ń kánjú á ti dé orí "pe dókítà." Ẹ mú sùúrù. Ẹ kọ gbogbo àmì sílẹ̀, kí ẹ pín wọn sí méjì. 37.6 kò dẹ́rù bani: láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, ara ìyá ìkókó lè gbóná dé 38 nítorí làálàá ìrọbí àti àìmomi tó. Inú tó ń run ún nígbà tí ọmọ ń mu ọmú, oxytocin, èròjà inú ara rẹ̀, ló ń fún ilé ọmọ pọ̀. Ẹ yọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́. 118/72 ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Tí ẹ bá wò ó lóun nìkan, BP ẹni tí ara rẹ̀ le ni. Ṣùgbọ́n obìnrin tó wà ní 146 tó já wá sí 118, tí ọkàn rẹ̀ sì ń sáré, ẹ̀jẹ̀ ti ń lọ lára rẹ̀. Ọkàn máa ń sáré kí BP tó já pátápátá, nítorí náà ẹ má dúró de 90 kí ẹ tó gbà pé ewu dé. Ẹ máa fi nọ́ńbà aláìsàn wé ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá so àwọn àmì tó kù pọ̀. Àpò ìtọ̀ tó kún ló ti ilé ọmọ sọ́tùn-ún, tí kò jẹ́ kó fún pọ̀. Ọmọ tó tóbi ti fẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ilé ọmọ tí kò fún pọ̀ kò lè pa ojú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ níbi tí ibi ọmọ ti já kúrò. Ká ní ilé ọmọ le, tí ẹ̀jẹ̀ pupa fòò ṣì ń jáde, à bá sọ pé ojú ara ló ya. Ká ní ó le, tí ẹ̀jẹ̀ tó jáde kéré, ṣùgbọ́n tí ìyá ń jẹ̀rora gidigidi nísàlẹ̀, à bá fura sí ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ awọ. Rírọ̀ tó rọ̀ ló yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Ní ti oògùn tó ń mú ilé ọmọ fún pọ̀, wọ́n á to oxytocin, methylergonovine àti carboprost síwájú yín. Methylergonovine, ìbátan ergometrine tí ẹ mọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa, máa ń gbé BP sókè. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kì í gbà á, bí BP rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ 118 lónìí. Carboprost kò yẹ fún ẹni tó ní asthma. Oxytocin ni tiwa níbí.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ṣáájú oògùn. Ẹ fi ọwọ́ kan gbé ìsàlẹ̀ ilé ọmọ dúró, ní ìsàlẹ̀ ikùn, ẹ fi èkejì ra orí rẹ̀ títí yóò fi le. Ẹ má fojú kékeré wo ọwọ́ ìsàlẹ̀ yẹn: láìsí i, ilé ọmọ lè yí inú síta. Ẹ kígbe pe ẹlẹgbẹ́ yín nígbà tí ọwọ́ yín ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyá tọ̀. Bí kò bá lè tọ̀, ẹ fi kátẹ́tà, ìyẹn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, fà á. Nọ́ọ̀sì tó fi obìnrin yìí sílẹ̀ lọ tẹ dókítà láago ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn ni wọ́n ń fojú fò jù. "Ìyá ní ara òun ti yá" kò tó ẹ̀rí. Ẹ̀rí ni ilé ọmọ tó le, tó padà sí àárín. Ọkàn tó ń rọlẹ̀. Ìtọ̀ tó tó 30 mílílítà ní wákàtí kan, ó kéré tán. Ẹ gbé páàdì sórí òṣùwọ̀n, ẹ yọ ìwọ̀n páàdì gbígbẹ kúrò: gíráàmù kan dúró fún mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan.

Bí ẹ ó ṣe máa fi ìdánrawò kọ́ra nìyí. Ẹ fi bébà bo àwọn ìdáhùn, ẹ ka ìtàn náà, ẹ sọ èrò yín jáde lẹ́nu kí ẹ tó ṣí i. Èyí tí ẹ bá kùnà, ẹ kọ nọ́ńbà ìgbésẹ̀ tí ìrònú yín ti já sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 1 títí dé 6. Tó bá pé 50, ẹ ka iye ìgbà tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan yọjú. Ẹni tí 1 rẹ̀ pọ̀ ń sáré ka ìwé aláìsàn. Kó máa kọ àmì sílẹ̀. Ẹni tí 3 rẹ̀ pọ̀ mọ̀wé, àmọ́ kó máa bi ara rẹ̀ pé, "Èwo ló máa kọ́kọ́ pa á?" Ẹni tí 4 rẹ̀ pọ̀, oògùn ló yẹ kó padà kà. Ogún ìbéèrè tí ẹ yẹ̀ wò báyìí sàn lójú mi ju ọgọ́rùn-ún tí ẹ sáré kọjá lọ.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fún ni ní máàkì pẹ̀lú. Níbi "yan gbogbo èyí tó tọ̀nà," èyí tó tọ̀nà ń mú ọ̀kan wá, èyí tó kùnà ń gba ọ̀kan padà, àmọ́ kì í lọ sísàlẹ̀ òdo. Ẹni tó yan mẹ́ta tó tọ̀nà, tó wá fi méjì tí kò dá a lójú kún un, tí méjèèjì sì kùnà, ẹyọ kan ló kù fún un. Wákàtí márùn-ún ni gbogbo rẹ̀, fún ìbéèrè 85 sí 150; bó bá dé 150, ìṣẹ́jú méjì ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin tó kàwé ní Nàìjíríà, ẹ fi àìtó nǹkan wọ́ọ̀dù sílẹ̀ nílé. Nínú ìdánwò yìí, oògùn wà, ẹlẹgbẹ́ wà, kò sí ẹni tó ń dúró de ẹbí kí wọ́n lọ ra nǹkan wá. Ẹ sì kọ àwọn orúkọ tó yàtọ̀ sẹ́yìn ìwé yín: acetaminophen ni paracetamol, albuterol ni salbutamol, epinephrine ni adrenaline, meperidine ni pethidine. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá wà ní mmol/L, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 18 kó lè di mg/dL: 3.9 ń lọ bíi 70, ibẹ̀ ni ṣúgà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kéré jù.