Sáàmù tó parí sínú òkùnkùn

Ọjọ́ Àìkú, oṣù Ṣẹẹrẹ. Kubwa, Àbújá.

Sáàmù 88 ni mo ń kà láti àárọ̀. Ẹsẹ méjìdínlógún péré ni, ṣùgbọ́n n kò rí ibì kan rí tí wọ́n ti kọ ìkankan nínú wọn sára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Hémánì ará Ésírà ló ni ín, bí àkọlé rẹ̀ ṣe wí. "Olúwa, Ọlọ́run ìgbàlà mi" ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ àwọn Sáàmù yòókù á ti máa retí pé tó bá sunkún tán, á sọ pé síbẹ̀síbẹ̀ òun yóò yin Ọlọ́run. Kò sọ ọ́. Ó kígbe lọ́sàn-án, ó kígbe lóru. Ó bi Ọlọ́run léèrè ìdí tó fi pa ojú mọ́ kúrò lára òun. Nígbà tó máa fi parí, ó ní a ti mú olùfẹ́ àti ọ̀rẹ́ jìnnà sí òun, òkùnkùn nìkan ló kù. Ibẹ̀ ló fi í sí. Kò sí Halelúyà.

Láti ìgbà tí ìsoríkọ́ yìí ti dé bá mi, kò sí ibòmíì nínú Bíbélì tó tù mí nínú tó o. Ẹnì kan wà níwájú Ọlọ́run tí kò rí ọ̀nà àbáyọ kankan, tó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run ò sì yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò nínú Ìwé Mímọ́. Tí ti Hémánì bá lè wà níbẹ̀, tèmi náà lè wà níwájú Rẹ̀.

Nǹkan yìí kì í ṣe ẹkún ṣá. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí kò tíì ṣe rí mọ̀. Ohun tó ń ṣe mí ni pé gbogbo nǹkan a kàn sú mi, títí kan ohun tí mo fẹ́ràn. Oúnjẹ ò ní adùn lẹ́nu. Mo lè dúró síwájú aṣọ títí, kí n má mọ èyí tí màá mú wọ̀. Láago mẹ́ta òru, oorun a dá lójú mi, màá máa gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ títí tí wọ́n á fi pe ìrun àárọ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Àdúrà ló wá dùn mí jù. Màá kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ ò ní wá. Èmi tí mo ti ń darí àdúrà ẹgbẹ́ akọrin láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge.

Àbújá náà ní ọwọ́ tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú iṣẹ́ ni. Àwa tí a jọ ń wọ ọkọ̀ láti Kubwa dé Berger ní àràárọ̀, a kì í mọ orúkọ ara wa. Tó bá di ìgbà Kérésìmesì, gbogbo èèyàn a forí lé ọ̀nà Lọ́kọ́ja, kálukú ń lọ sílé, ìlú a wá dá páropáro. A ò lè lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kérésì tó kọjá yìí, owó ọkọ̀ ti kọjá agbára wa. Nǹkan náà ti wà lára mi tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ló wá le sí i. Ọyẹ́ sì tún mú. Eruku ti bo òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa, a ò rí i láti bí ọ̀sẹ̀ kan.

Láàárọ̀ yìí ara mi kọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi ò bá mi jà. Ó wẹ̀ fún àwọn ọmọ, ó wọṣọ fún wọn, ó gbé ife omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi, wọ́n sì lọ.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti pẹ́ lọ́kàn mi. Àwọn ará máa ń sọ̀rọ̀ sí wa, wọ́n rò pé ìtùnú ni. "Ọmọ Ọlọ́run kì í rẹ̀wẹ̀sì." "Má fi ẹnu ara rẹ pè é." "Ẹ̀mí kan ló wà nídìí ẹ̀, gba ààwẹ̀ sí i." Wọn ò ní ìkà nínú, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n oníwàásù kan wá sí ìṣọ́ òru kan tí mo lọ, ó ní ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń fà ro nínú ilé Ọlọ́run, kí ó lọ wo ẹ̀ṣẹ̀ tó ń fi pamọ́. Inú bí mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì ń bí mi di bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí àwọn tí wọ́n dá wà nílé tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè tì ṣubú.

Bíbélì tó gbé dání náà ńkọ́? Jóòbù fi ọjọ́ ìbí rẹ̀ ré. Jeremáyà fi tirẹ̀ náà ré. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé ìpọ́njú tó bá àwọn ní Éṣíà wúwo kọjá agbára àwọn, débi pé àwọn ò tiẹ̀ retí pé àwọn á yè é. Jésù fúnra Rẹ̀, ní Gẹtisémánì, sọ fún Pétérù àti àwọn ọmọ Sébédè méjèèjì pé ìbànújẹ́ ọkàn òun ti dé ojú ikú, Ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró níbẹ̀, kí wọ́n máa bá òun ṣọ́nà. Olúwa mi ò fẹ́ dá nìkan wà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ta ló jẹ́ bi Í pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ló fi pamọ́?

Lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Ìjọ wá. Ó dà bíi pé ọkọ mi ló ta á lólobó. Mo ti ń múra àtigbọ́ àdúrà gígùn, mo ti ń ronú bí màá ṣe máa dáhùn "Àmín" tí ohùn mi ò fi ní gbọ̀n. Wọ́n kàn wò mí lójú.

"O ti jẹun?"

"Rárá, mà."

"Ẹ̀wà wà nílé?"

Wọ́n wọ ilé ìdáná lọ, wọ́n bu ẹ̀wà sínú àtẹ, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ní kí n wá jókòó ti àwọn. Awò ojú wọn wà létí imú. Wọ́n ń fi àtàǹpàkò ti ẹ̀wà dáadáa sí apá kan, èyí tí kòkòrò ti jẹ sí apá kejì, òkúta wẹ́wẹ́ sínú ìdérí ìkòkò. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń ró nínú ìdérí náà níkọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ wọn ò yá, wọn ò sì bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó pẹ́ kí ọwọ́ èmi náà tó bọ́ sínú àtẹ, n ò mọ ìgbà tí mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣà á.

Nígbà tí ẹ̀wà wà lórí iná ni wọ́n tó sọ ìtàn ara wọn fún mi. Kàdúná ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, kí wàhálà ọdún 2000 tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n ní nígbà táwọn dé Àbújá, èèyàn rò pé ọjà tó jóná ló ń dun àwọn, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe àwọn ju ọjà lọ. "Mi ò lè gbàdúrà, ọmọ mi. Orúkọ Jésù nìkan ni mò ń pè. Mo lè pè é ní àárọ̀, kí n má tún sọ nǹkan míì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Mo sunkún níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di ọwọ́ mi mú: "Olúwa, ọmọ Rẹ rèé. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Bá a gbé e." Àdúrà náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. A jẹ ẹ̀wà. Mo jẹ ẹ́ tán.

Lọ́nà ọjà Kubwa, mo máa ń rí àwọn obìnrin Gbàgyí tí wọ́n ń ru igi ìdáná. Wọn kì í gbé e lérí bíi tiwa, èjìká ni wọ́n ń gbé e lé. Lọ́jọ́ kan mo rí ọ̀kan tó dúró lẹ́bàá títì, ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹnì kejì sì bá a gbé igi náà láti èjìká kan sí èkejì. Kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn bá a pààrọ̀ èjìká, wọ́n sì jọ ń lọ. Ohun tí Ìyá Ìjọ ṣe fún mi lónìí nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo ṣí Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19. Ìtàn Èlíjà ni, lẹ́yìn tó ti ṣẹ́gun lórí òkè Kámẹ́lì, tí iná ti sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run. Jésíbẹ́lì ránṣẹ́ pé òun á pa á, ó sì sá lọ sí Bíá-ṣébà, ó fi ìránṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, òun nìkan wọ aginjù lọ, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní ó tó, kí Olúwa gba ẹ̀mí òun. Wòlíì Ọlọ́run ló ń bẹ̀bẹ̀ ikú o. Oorun sì gbé e lọ. Ẹ wo ohun tí áńgẹ́lì wá ṣe: ó fọwọ́ kàn án, ó ní, "Dìde, jẹun." Àkàrà wà níbẹ̀ lórí ẹ̀yinná, omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì ò bá a wí pé ó tún sùn. Ó padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kó jẹun, nítorí ọ̀nà náà jìn fún un. Ó pẹ́ kí Ọlọ́run tó bi í léèrè ohun tó ń ṣe, ó ti rìn dé Hórébù ná, ogójì ọ̀sán àti ogójì òru. Oúnjẹ àti oorun ló ṣáájú. Mo ti ka ìtàn yìí láti kékeré nílé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, iná ọ̀run nìkan ni wọ́n ń tẹnu mọ́ fún wa.

Lọ́la, mo ní láti rí dókítà ní Gwagwalada. Oògùn tó fún mi, ó ti ṣàlàyé pé kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí èèyàn tó mọ ìyàtọ̀, àti pé mi ò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra mi tí ara bá ti ń yá. Arábìnrin kan bi mí bóyá mo ti fi oògùn rọ́pò ìgbàgbọ́. Rárá o. Mo máa ń gbàdúrà lé e lórí kí n tó gbé e mì.

William Cowper, ọ̀kan nínú àwọn tí orin wọn wà nínú Ìwé Orin Mímọ́ wa, ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ló wà nígbà tí Kristi rí i. Ó ti gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ ní 1763, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Dókítà Nathaniel Cotton ní St Albans, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Onígbàgbọ́ ni dókítà yẹn, ó ń tọ́jú Cowper, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Níbẹ̀ ni Cowper ti ka ìwé Róòmù ní 1764 tí ìmọ́lẹ̀ sì wọlé. Ní 1773, àìsàn náà tún gbé e dè. John Newton, tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tó ń kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú kó tó di àlùfáà, ló gbà á sínú ilé, ó sì lé lọ́dún kan tó fi tọ́jú rẹ̀. Ìbànújẹ́ Cowper ò tán pátápátá títí ó fi kú ní 1800. A sì ń kọ orin rẹ̀ di òní. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé kò ní ìgbàgbọ́.

Orílẹ̀-èdè wa náà ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tó rọ́pò òfin wèrè tí ìjọba òyìnbó fi sílẹ̀ fún wa. Mo fẹ́ kí àwọn olórí ìjọ wa náà yí padà bẹ́ẹ̀, kí a lè máa sọ ọ́ jáde nínú ilé Ọlọ́run láìsí ìtìjú.

Bí ẹ bá ń ka èyí, tí èrò àtipa ara yín sì ń wá sí yín lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá wà lálẹ́ òní. Ẹ pe ẹnì kan tó fẹ́ràn yín, ẹ sọ ọ́ fún un gẹ́gẹ́ bó ṣe rí, kí ó sì mú yín lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ ò tíì kúrò nínú ìgbàgbọ́ tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Èmi ni wọ́n yàn láti ka Sáàmù ní ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú. Pásítọ̀ ní kí n mú èyí tó bá wù mí. Mo fi 88 ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù nírọ̀lẹ́ yìí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó fèsì.

"Ṣé ẹ fẹ́ kà á dópin ni?"

Mo ní, "Dópin, sà. Tí mo bá kà á tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó pe orin."

Wọ́n ní ó dáa, pé àwọn náà á wá jókòó síwájú.