Dùùrù nínú sínágọ́gù

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn àárọ̀ Sátidé dé ni, ní West London Synagogue, ilé ìjọsìn àwọn Júù kan níbí ní Lọ́ńdọ́nù. Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ní kí n wá.

Àfi gbì! Dùùrù ńlá dún, àwọn akọrin sì gbé orin lédè Hébérù. Orí mi wú. Àwọn Júù tó di àṣà àtijọ́ mú kì í tẹ dùùrù lọ́jọ́ ìsinmi o. Níbí, tọkùnrin tobìnrin ló jókòó pọ̀, obìnrin ni rábì. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé Tórà, ìyẹn ìwé òfin Mósè, kọjá, tí agogo fàdákà orí rẹ̀ ń dún wooro, ìyá àgbà ẹ̀gbẹ́ mi fi etí ìborùn àdúrà rẹ̀ kàn án, ó sì fẹnu kò ó. Wọ́n gbàdúrà fún ọba Gẹ̀ẹ́sì náà.

Lọ́dún 1840 ni àwọn kan kúrò nínú ìjọ àwọn Júù tó ṣẹ̀ wá láti Potogí àti ti àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Jámánì, ní Lọ́ńdọ́nù níbí, láti dá ìjọ yìí sílẹ̀. Wọ́n ní Júù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì làwọn. Ó wú mi lórí gan-an: Tórà wà lọ́wọ́ wọn síbẹ̀, orin ìlú tí wọ́n ń gbé ni wọ́n fi ń gbé e ga. Àwọn bàbá wa náà kúkú gbé ìlù wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà tàbí Brazil, ṣé ẹ ti bá irú ìjọ báyìí pàdé? Báwo ni tọ̀hún ṣe rí?