Ìgbà Kẹrin Tí Mo Po Ọṣẹ Àdín Nílé

Mo gé ọṣẹ kẹrin láàárọ̀ yìí, òun sì ni àkọ́kọ́ tí ojú kò ní tì mí láti gbé ka iwájú àlejò.

Agolo mílíìkì tí a fi ń wọn ìrẹsì ló ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Hóró sóódà, ìyẹn kẹ́míkà tó máa ń jóni lára tí a fi ń sọ òróró di ọṣẹ, kì í tóbi bákan náà, nítorí náà, bí agolo tilẹ̀ kún dọ́gba lẹ́ẹ̀mejì, ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í wúwo dọ́gba. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mo fi ìka tútù ra ọṣẹ náà, mo fi kan ahọ́n, ó sì ta mí bí iná: sóódà ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. N kò jẹ́ kó kan ara ẹnikẹ́ni. Ní ti èkejì, ṣíbí alumíníọ́mù ni mo fi ro omi sóódà. Kíá ló ń hó, tí ṣíbí sì dúdú, nítorí pé sóódà máa ń jẹ alumíníọ́mù. Ìkòkò irin tí kì í dógùn-ún, ike tó nípọn àti orógùn igi ni mo ń lò láti ìgbà náà, n kì í sì í fi wọ́n se oúnjẹ mọ́.

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ra òṣùwọ̀n kékeré, mo sì wọn àdín gíráàmù 500, sóódà 83 àti omi 190. Àdín tó pọ̀ tó yẹn lè gba sóódà bíi gíráàmù 88, ṣùgbọ́n mo dín in kù kí òróró díẹ̀ lè ṣẹ́ kù fún ara. Sóódà ni à ń dà sínú omi, a kì í da omi lé sóódà, kó má baà ta sí ni lójú. Ọṣẹ yẹn ń hó dáadáa, àmọ́ ó ń mú awọ ara gbẹ.

Ìdí nìyí tí mo fi fi òrí gíráàmù 100 rọ́pò ìdá kan nínú márùn-ún àdín lálẹ́ àná. Sóódà wá sí gíráàmù 79, torí òrí kì í gba sóódà tó àdín. Ọyẹ́ ti mú àdín dì, àfìgbà tí mo gbé ike rẹ̀ sínú omi gbígbóná. Nígbà tí òun àti omi sóódà lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo pò wọ́n, mo sì ń rò ó títí ó fi ki bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi gbígbóná pò, tí èyí tó ń kán láti ara orógùn ń fi ìlà sílẹ̀ lójú rẹ̀ kó tó rì.

Màmá mi béèrè ìdí tí n kò fi lo eérú. Eérú èèpo kòkó ní pòtásíọ́mù, ọṣẹ rẹ̀ sì máa ń rọ̀ bí ọṣẹ dúdú. Èyí tí mo fẹ́ gé ní ègé, sóódà ló ń mú un le.

Odidi ọjọ́ kan ni mo fi sílẹ̀ nígbà kẹta kí n tó gé e, etí rẹ̀ sì rún bí àádùn lábẹ́ ọ̀bẹ. Wákàtí mẹ́jọ péré ni mo fún eléyìí, ọ̀bẹ sì gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Ègé mẹ́jọ ló wà lórí asẹ́ báyìí. Èyí tí mo sàmì sí wọn gíráàmù 95. N ó máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí omi inú rẹ̀ ṣe ń gbẹ, títí tí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín kù mọ́.