Ẹ tú ẹrù Python yín wò kí ẹ tó fi í ránṣẹ́

PKGBUILD, ìyẹn fáìlì ìlànà tí a fi ń di sọ́fítíwíà Python sínú package fún Arch Linux, kì í gùn. Ìlà méjì ló ń ṣe iṣẹ́ gidi nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú build(), ìkejì nínú package():

python -m build --wheel --no-isolation
python -m installer --destdir="$pkgdir" dist/*.whl

Ẹ má yọ --no-isolation kúrò. Bí kò bá sí níbẹ̀, build á lọ fa irinṣẹ́ ìkọ́ bíi setuptools tàbí hatchling fúnra rẹ̀ láti PyPI, ibi ìkópamọ́ package Python lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ohun tí ẹ kọ sí makedepends (àkójọ ohun tí a nílò láti kọ́ package) á sì di asán.

Script tó bá dá dúró lójú ọ̀nà kò le: ó ti sọ ibi tó ń dun òun. Package tó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, tí inú rẹ̀ sì ti bàjẹ́, ni mo máa ń bẹ̀rù.

Ẹ wo setuptools_scm, àfikún setuptools. Inú git ló ti máa ń wo nọ́ńbà ẹ̀dà sọ́fítíwíà, bẹ́ẹ̀ sì ni tarball (kóòdù tí a dì pọ̀) tí GitHub ń fúnni kò ní fóldà .git. Lọ́pọ̀ ìgbà, á ké LookupError, iṣẹ́ á dúró. Àmọ́ àwọn kan ti kọ fallback_version = "0.0.0" sínú pyproject.toml wọn. Lára páálí, ìyẹn orúkọ package, ẹ ó rí 2.4.1, bí àpẹẹrẹ; nínú METADATA, fáìlì tí Python ń kà, 0.0.0 ló wà. pacman, ètò tó ń fi package sórí Arch, kò ní mọ̀. Ètò mìíràn tó ń fi importlib.metadata béèrè ẹ̀dà 2.0 sókè ló máa figbe ta, lórí kọ̀ǹpútà ẹni ẹlẹ́ni. Ìlà kan ṣáájú build ló ń wò ó sàn (pkgver ni nọ́ńbà ẹ̀dà tó wà nínú PKGBUILD):

export SETUPTOOLS_SCM_PRETEND_VERSION=$pkgver

Lẹ́yìn náà, ẹ fi pacman -Qlp tú package náà, kí ẹ wo orúkọ fóldà .dist-info. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni òótọ́.

Bí ẹ ti ń wò ó, ẹ wá site-packages/tests pẹ̀lú. find_packages() ti setuptools, tí a kò bá fún un ní exclude, máa ń kó fóldà tests mọ́ ọn bí __init__.py bá wà nínú rẹ̀. Package àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ á wọlé láìsí ìjà. Èkejì ni pacman máa kọ̀: "exists in filesystem". Ẹ pa fóldà náà rẹ́ nínú package(), kí ẹ sì sọ fún ẹni tó kọ kóòdù.

Inú chroot tó mọ́, àyè tó yà sọ́tọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ni kí ẹ ti kọ́ package náà, pẹ̀lú pkgctl build, torí kọ̀ǹpútà tiyín ti ní ọ̀pọ̀ nǹkan tí ẹ gbàgbé láti kọ sí makedepends.

Iṣẹ́ ńlá ni ti ìgbà tí Python tuntun bá wọlé. Fóldà python3.13 á di python3.14, ohun tó wà nínú ti àtijọ́ á sì di ModuleNotFoundError. pkgver kò yí. Pkgrel, nọ́ńbà tó ń ka iye ìgbà tí a ti di ẹ̀dà kan náà, ni kí ẹ sún sókè, kí ẹ tún un kọ́. flit_core, irinṣẹ́ ìkọ́ mìíràn, ló ń ṣáájú, nítorí ó lè kọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú python -m flit_core.wheel. installer àti build tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà setuptools, kí ó tó kan àwọn yòókù.

Ẹ fi grep wá àwọn module tí Python ti yọ: distutils lọ ní 3.12, cgi, crypt àti telnetlib lọ ní 3.13. distutils ló ń tanni jẹ jù. setuptools gbé ẹ̀dà tirẹ̀ pamọ́ sínú, nítorí náà bí setuptools bá wà nínú makedepends, import distutils á ṣiṣẹ́ nínú check(), gbogbo ìdánwò á yege. Ẹni tí kò ní setuptools lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló máa rí àṣìṣe náà. Ẹ tún kóòdù yẹn ṣe pẹ̀lú patch. Títí ẹ ó fi rí i ṣe, ẹ kọ python-setuptools sí depends, àkójọ ohun tí package nílò láti ṣiṣẹ́.