Ohun tí èmi tí mò ń ra USDT lọ́wọ́ yín ń rí

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ra owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì (crypto) lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ sọ ọ́ di náírà: Bitcoin, àti USDT tí ẹyọ kan rẹ̀ tó dọ́là kan. Ìjẹ̀bú-Òde ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi, àwọn tó ń kọ kóòdù, tó ń gé fídíò, tó ń ya àwòrán fún òyìnbó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò gùn: tí ẹ bá fi 40 dọ́là ránṣẹ́ sí mi, 40 dọ́là yẹn nìkan kọ́ ni mò ń rí.

Kí n tó fi náírà ránṣẹ́, mo gbọ́dọ̀ mọ̀ pé USDT ti wọlé lóòótọ́. Orí Tronscan ni mo ti ń wò ó, ìkànnì tó ń fi gbogbo ìfiránṣẹ́ orí Tron hàn, ìyẹn ọ̀nà tí USDT tí mò ń rà ń gbà wọlé. Ọ̀fẹ́ ni, kò béèrè orúkọ, kò béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Àdírẹ́sì tí owó ti wá á hàn níbẹ̀, tí mo bá sì tẹ̀ ẹ́, gbogbo inú wọ́lẹ́ẹ̀tì yẹn, ìyẹn àpò crypto ẹni tó fi ránṣẹ́, ló ṣí sílẹ̀: iye tó kù, iye tó ti wọlé, ọjọ́ tó wọlé, ibi tó gbà lọ.

Ọmọkùnrin kan jókòó síwájú mi lọ́jọ́ kan, ó ń bẹ̀ mí kí n fi nǹkan díẹ̀ lé iye tí mo fẹ́ rà á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ mi nìyẹn." Mo yí fóònù mi sí i. Ó lé ní 8,000 dọ́là tó ṣì wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì tó fi 40 yẹn ránṣẹ́. Ìparí oṣù ni owó máa ń wọ̀ ọ́, láti àdírẹ́sì kan ṣoṣo, iye kan náà. Ó wo fóònù, ó wò mí, ó tún wo fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe wọ inú fóònù mi?"

Mi ò wọ inú fóònù ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé níwọ̀n ìgbà tí orúkọ kò ti sí lórí blockchain, ìyẹn ìwé ìta gbangba tí gbogbo ìfiránṣẹ́ crypto ń wọ̀, àṣírí ti bò. Bí ìgbà tí alájọ bá lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ògiri lọ́jà Òkè-Ajé ni, tó wá fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ oníkálukú. Ẹni tó bá ti mọ nọ́ńbà tó jẹ́ ti ìyá Rísì ti mọ gbogbo ohun tí ìyá Rísì dá láti ọjọ́ tó ti ń dá a, títí kan èyí tó máa dá lọ́la. Kò sì sẹ́ni tó lè fa ìwé yẹn ya. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2010, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà fi 10,000 bitcoin ra pizza méjì. Àkọsílẹ̀ owó yẹn ṣì wà níbẹ̀ di òní, ẹnikẹ́ni ló lè lọ wò ó. Owó tí wọ́n jí ní Bitfinex, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ra crypto tí wọ́n sì ń tà á, lọ́dún 2016 ńkọ́? Ó lé ní 119,000 bitcoin. Ọdún 2022 ni wọ́n tó mú tọkọtaya kan ní New York lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ipasẹ̀ tó wà lórí blockchain ni wọ́n sì tọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ti olè nìyẹn, ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ojú tí wọ́n fi rí olè ni wọ́n fi ń rí ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ rẹ̀ náà.

Ní oṣù kejì ọdún 2021 tí CBN ní kí àwọn báńkì má bá ẹnikẹ́ni ṣe crypto mọ́, P2P, kí èèyàn máa rà lọ́wọ́ èèyàn tààrà, ni gbogbo wa sá lọ. Wọ́n ti dẹ ọwọ́ òfin yẹn ní oṣù kejìlá ọdún 2023, àmọ́ ó ti mọ́ wa lára. Kí ẹ tó lè gba náírà lọ́wọ́ èèyàn bíi tèmi, ẹ ó fún mi ní orúkọ yín, nọ́ńbà àkáǹtì yín, nọ́ńbà fóònù yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ó fi USDT ránṣẹ́ láti àdírẹ́sì yín. Ọwọ́ mi ni orúkọ àti àdírẹ́sì ti pàdé. Mo mọ ara mi, ẹ̀yin ò mọ̀ mí. Ẹ ò mọ ẹni tí mò ń bá jẹun, ẹ ò sì mọ ẹni tó lè jí fóònù mi gbé.

Nítorí náà, wọ́lẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ń tọ́jú owó, ẹ má fi ta nǹkan kan, ẹ má sì fún oníbàárà ní àdírẹ́sì rẹ̀. Ẹ ní òmíràn fún gbígbà àti títà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é tí kò fi jẹ́ nǹkan kan ni pé wọ́n á ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì tuntun tán, wọ́n á wá fi owó ránṣẹ́ sí i tààrà láti inú ti àtijọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa tẹ̀ ẹ́ tí mo fi máa dé ibi tí ẹ sá kúrò. TRX, owó Tron fúnra rẹ̀, náà ń tú àṣírí. Wọ́lẹ́ẹ̀tì tuntun nílò TRX láti fi san owó ìfiránṣẹ́, tó bá sì jẹ́ inú ti àtijọ́ lẹ ti fi TRX díẹ̀ sí i, ẹ ti so wọ́n pọ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ gba inú exchange kọjá, ìyẹn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ra crypto tí wọ́n sì ń tà á. Ẹ fi owó síbẹ̀, kí ẹ sì ti ibẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fẹ́ sanwó fún. Inú àpò ńlá tí exchange ń lò fún gbogbo èèyàn ni yóò ti jáde, orúkọ exchange yẹn ni màá sì rí, mi ò ní rí wọ́lẹ́ẹ̀tì yín. Wọ́n á gba owó díẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn tó ni exchange mọ̀ yín o, wọ́n ní NIN yín, wọ́n sì máa dáhùn tí ìjọba bá béèrè. Ìyẹn ò dùn mí. Aládùúgbò ni mò ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Bitcoin yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọ́lẹ́ẹ̀tì Bitcoin ló máa ń fún yín ní àdírẹ́sì tuntun fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ gba owó, ẹ jẹ́ kó máa ṣe é. Àmọ́ bí owó ṣe wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ náà ló ṣe wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ẹ bá ń san owó tó pọ̀ ju ẹyọ kan lọ, wọ́lẹ́ẹ̀tì á kó méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, ẹni tó bá sì ń wò ó á gbà pé ọwọ́ ẹnì kan ni gbogbo wọn wà. Ẹ lè fọwọ́ ara yín yan èyí tó máa jáde nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì Bitcoin tó ń jẹ́ Electrum tàbí Sparrow. Ẹ má ṣe kó owó iṣẹ́ mọ́ owó tí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀.

Ti Ojúde Ọba tún wà. Tó bá ti ku oṣù díẹ̀, àwọn régbérégbé á bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó aṣọ àti ẹṣin, akápò á sì ju àdírẹ́sì USDT kan sínú ẹgbẹ́ WhatsApp nítorí àwọn tó wà lókè òkun. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló lè ṣí i wò báyìí. Ẹni tó fi 100 dọ́là ránṣẹ́ láti inú wọ́lẹ́ẹ̀tì tó ń tọ́jú owó sí, wọ́n á rí 100, wọ́n á rí èyí tó kù, ìpàdé tó ń bọ̀ á sì gbóná. Ìjẹ̀bú fẹ́ kí wọ́n gbọ́ iye tí òun ná, kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ iye tó kù lọ́wọ́ òun. Ẹ̀yin akápò, ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí oníkálukú ní kọ̀rọ̀, kí àwọn tó ń dáwó sì ti inú exchange fi tiwọn ránṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé screenshot owó sórí status, ẹ máa ń pa orúkọ rẹ́, ẹ ó wá fi nọ́ńbà ìfiránṣẹ́ (transaction ID) sílẹ̀. Nọ́ńbà yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn wọ́lẹ́ẹ̀tì yín.

Àwọn olè náà ń ka ìwé ìta gbangba yìí. Wọ́n á wo ẹni tí ẹ máa ń sanwó fún, wọ́n á ṣe àdírẹ́sì tí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀ jọ tirẹ̀, wọ́n á wá fi òdo tàbí owó tí kò tó nǹkan ṣe ìfiránṣẹ́ kó lè hàn láàárín àwọn tí ẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kánjú, ẹ ó dà á kọ láti ibẹ̀, owó ti lọ nìyẹn. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 34 ló wà nínú àdírẹ́sì Tron. Ẹ wo àárín rẹ̀ náà, ẹ sì gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Wọ́n máa ń bi mí nípa Monero, crypto tí wọ́n ṣe láti máa pa àṣírí mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ó ń fi ẹni tó sanwó, ẹni tó gbà á àti iye rẹ̀ pa mọ́. Àmọ́ Binance, exchange ńlá kan, yọ ọ́ kúrò ní oṣù kejì ọdún 2024, sísọ ọ́ di náírà níbí kò rọrùn, èmi ò sì ń rà á. Ní ti àwọn tó ń po owó pọ̀ mọ́ra, irú Tornado Cash, ẹ jìnnà sí i. Amẹ́ríkà fi òfin dè é ní 2022, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní 2025, àmọ́ exchange tó bá rí i pé owó yín gba ibẹ̀ kọjá lè ti àkáǹtì yín pa, ta lẹ fẹ́ lọ bá?

Òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, èrè orí crypto sì wà nínú rẹ̀. Ẹ ra ìwé kan, ẹ máa kọ ọjọ́, iye, iṣẹ́ tí ẹ ṣe àti ẹni tó sanwó sínú rẹ̀. Ilé ni kí ìwé yẹn máa gbé, kó má wà nínú fóònù tí wọ́lẹ́ẹ̀tì wà.