641 ló tú àṣírí 4,294,967,297

Iná ti lọ lálẹ́ àná nígbà tí èmi àti ọmọbìnrin mi jókòó ti bébà àti bírò, tí a ń wá ohun tó lè pín 4,294,967,297 láìṣẹ́kù. Bí a bá to 2 méjìlélọ́gbọ̀n, tí a sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ ara wọn, tí a sì fi 1 lé e, iye yìí la máa rí. Pierre de Fermat, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbà ní ọdún 1640 pé kò ṣeé pín, ìyẹn ni pé kò sí iye tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀; ní 1732 ni Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, fi hàn pé 641 pín in.

Iye yòówù tó bá máa pín in gbọ́dọ̀ ṣẹ́ 1 kù bí a bá fi 64 pín òun náà, ìdí nìyẹn tí a fi fo 3, 7 àti 11 láìfọwọ́ kàn wọ́n. A gbìyànjú 193, 257, 449 àti 577, wọn ò gbà. Nígbà tó kan 641, èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé 448 ṣẹ́kù lẹ́ẹ̀mejì: ní àkọ́kọ́ a fa 9 wálẹ̀, ó di 4,489, ó sì ṣẹ́ 2 kù; níkẹyìn a fa 7 wálẹ̀, ó di 4,487, ọmọ mi sì kígbe pé, “Dádì, ẹ wò ó, ó ti tán!”

Ìdáhùn náà ni 6,700,417, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kò ṣeé pín mọ́. Títí di òní, nínú àwọn iye tí Fermat tò lọ́nà yìí (tí a sọ 2 di púpọ̀ mọ́ ara rẹ̀, tí a sì fi 1 lé e), a kò tíì rí èyí tó ju 65,537 lọ tí kò ṣeé pín.